Ta Ni Ó Ń Sùn Ládùúgbò Náà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lẹ́yìn ìlú lóde òní, inú ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú un wọ̀: pálọ̀ méjì, yàrá mẹ́rin, táìlì tó ń dán, fẹ́ńsì, géètì tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Kò sẹ́ni tó máa mú un lọ wo ilé tó wà lẹ́yìn ilé náà. Mi ò bá àwọn ejẹ́ǹtì jà, iṣẹ́ tiwọn ni kí ọjà tà. Ẹni tó ń rà ló yẹ kó la ẹnu. Bó bá jẹ́ pé ní Òsì ló ti fẹ́ rà, tàbí ní Ìlọ́fà, tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Kwara, kó má tíì bèèrè owó. Kó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń sùn ládùúgbò náà lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, tí kì í ṣe ọdún, tí kì í ṣe ìsìnkú.

Mo mẹ́nu ba ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025 bọ́ sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Christ Apostolic Church tó wà ní Òkè Ìṣẹ́gun ní Èrúkù, tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó olùjọsìn 38 wọ igbó. Fọ́nrán rẹ̀ tàn káyé. Ààrẹ Tinubu fagi lé ìrìn àjò tó fẹ́ rìn lọ sí Gúúsù Áfíríkà nítorí ọ̀rọ̀ yìí àti nítorí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí kó nílé ẹ̀kọ́ Maga ní Kebbi. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni àwọn ará Èrúkù tó padà bọ̀. Kò sì tíì pé ọdún méjì sí ìgbà yẹn, lọ́jọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n wọ ààfin Kọ́rọ̀, tí wọ́n pa Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, Olúkọ́rọ̀, tó jẹ́ ọ̀gágun-fẹ̀yìntì, tí wọ́n sì gbé olorì lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì kan náà ni Èrúkù àti Kọ́rọ̀ wà.

Lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà. Àwọn kan búra pé àwọn ò ní kọ́lé sílé mọ́, Ìlọrin ni àwọn máa parí rẹ̀ sí. Àwọn kejì ní àwọn á kọ́ ọ, ṣùgbọ́n fẹ́ńsì á ga, wáyà á wà lórí rẹ̀, kámẹ́rà á wà nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní tèmi, ọ̀nà méjèèjì ló tàsé ohun tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò. Ààfin kì í ṣe ilé tí kò ní ògiri. Fẹ́ńsì gíga lè dí olè lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú aládùúgbò ló ń dí títí ayé. Bí wọ́n bá ti fò ó wọlé tán, ògiri yẹn kan náà ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí wọ́n ń fi ojú rẹ rí.

Àwọn tó tẹ ìlú wọ̀nyí dó mọ ewu jù wá lọ. Láti 1877 títí di 1893 ni ogun Èkìtì Parapọ̀ fi jà, agbègbè wa sì há sáàárín Ìlọrin àti Èkìtì. Irú ogun bẹ́ẹ̀ wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi rọ̀ mọ́ òkè àti àpáta, tí agbo ilé fi ń fara kan agbo ilé, tí àjèjì kò fi lè gba ojúde kọjá kí ìyá àgbà kan má húkọ́. Òsì yìí náà ni ìlú Aréògún, agbẹ́gilére tó kú ní 1954, tí ilẹ̀kùn tó fọwọ́ gbẹ́ ti dé àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí l'Amẹ́ríkà. Mo máa ń ro ti àwọn ilẹ̀kùn yẹn. Igi ni, wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ìyàwó àti arìnrìn-àjò sí i lára. Ẹni tó bá ní àáké kò ní pẹ́ já a. Wọ́n lè fi ilẹ̀kùn ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà náà torí pé ilẹ̀kùn kọ́ ló ń ṣọ́ ilé.

Ogun parí, ọ̀nà mọ́tò dé, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ wá sétí títì. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ó tó àkókò kan, ilé tó dá dúró lẹ́yìn ìlú wá di àmì pé ọmọ náà ti là. Ẹ wọ mọ́tò láti Òmù-Àrán, ẹ máa bọ̀ ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, ẹ wo àwọn ilé ńláńlá tó tò sẹ́yìn ìlú wa. Àgádágodo ló wà lẹ́nu wọn. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣí, jẹnẹrétọ̀ á máa dún, ìkòkò á wà lórí iná. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní, ó parí. Ọ̀gá wà ní Àbújá, ọ̀gá wà ní Houston. Ọlọ́dẹ tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù ti lọ sùn sọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀ nínú ìlú, mi ò sì lè dá a lẹ́bi, torí èmi náà ò ní dá sùn síbẹ̀.

Ẹni tó wá lọ ra ilé sáàárín irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, ejẹ́ǹtì á sọ fún un pé àwọn ènìyàn ńlá ló yí i ká. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò sí nílé. Tó bá ké lóru, ògiri ni yóò gbọ́. Ilé tó ṣófo kì í kàn ṣófo bẹ́ẹ̀ lásán: àjèjì lè ti inú rẹ̀ máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹ tún wo ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Kó tó ra fúláàtì kékeré kan ní Peckham, á tẹ póòsìkóòdù sínú ìkànnì àwọn ọlọ́pàá, á rí irú ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń hù ládùúgbò náà. Á tẹ̀ ẹ́ sínú ti ìjọba, á mọ̀ bóyá omi lè ya wọ ibẹ̀. Á san owó fún lọ́yà kó bá a wádìí lọ́dọ̀ káńsù. Ọmọ yìí kan náà ló ń fowó ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun ra pulọ́ọ̀tì méjì nílé, lórí fídíò WhatsApp ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ya koríko. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ó ní ilé ni, ta ló ń wádìí ilé bàbá ẹni?

A ò ní irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n a ní ọlọ́kadà. Ẹ dúró ní ibùdókọ̀ Òsì tàbí Ìlọ́fà láago méjì ọ̀sán, ẹ bèèrè iye tí wọ́n máa gbà dé ibi ilé tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ padà wá láago mẹ́jọ alẹ́, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí owó bá di ìlọ́po méjì, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lọ rárá, ẹ má tún wá aláwo kankan. Owó ọ̀kadà lálẹ́ ń sọ òtítọ́ tí ejẹ́ǹtì kò lè sọ. Ẹ bá ìyá alákàrà orítá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ẹ bá ọdẹ tó ń gba ibẹ̀ wọ igbó sọ̀rọ̀, kó fi ibi tí màlúù ń gbà kọjá hàn yín. Kí ẹ sì dúró síbi tí yàrá máa wà, kí ẹ fi fóònù pe ẹnì kan, kí ẹ mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé ibẹ̀.

Ìgbà tí ènìyàn lọ wò ó ṣe pàtàkì. Oṣù kejì ni wọ́n sábà máa ń mú oníbàárà lọ, nígbà tí koríko ti jóná tí ojú ń rí ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ ọ̀hún á fẹ̀ lójú, á dà bíi pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá pamọ́ sí. Ẹ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ tí àgbàdo ti bo ènìyàn mọ́lẹ̀, tàbí lóṣù kọkànlá kí wọ́n tó gé ọkà bàbà, tó ga ju àgbàdo lọ. Oko tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì á ti di igbó. Bó bá jẹ́ ti omi náà ni, ìgbà òjò ni kí ẹ lọ, nítorí àkùrọ̀ tó gbẹ kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ gidi lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ́lé sójú omi n'Íbàdàn rí, omi Ògùnpa sì wá gba ojú ọ̀nà rẹ̀ padà lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ni omi tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nígboro kan náà. Ní Mokwa, tí kò jìnnà sí Jẹ́bà, ó ju àádọ́jọ ènìyàn tí omi gbé lọ ní ìparí oṣù karùn-ún 2025. Ti kànga ló yàtọ̀: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ bèèrè tirẹ̀. Orí àpáta la wà, bọ́họ̀ọ̀lù tó ń pọn omi lóṣù kẹsàn-án lè máa fẹ́ atẹ́gùn lóṣù kẹta.

Ti ìwé ilẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀, ẹnu gbogbo ènìyàn ló ti wà. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí títà rẹ̀, asán ni lójú òfin. Èyí tí olórí ẹbí dá tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí ilẹ̀ bá sì wà létí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, kí sọ̀féyọ̀ wọn mítà 45.72 láti àárín títì kó tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu onílẹ̀.

Ní Òsì, ìgbà tuntun ń wọlé. Kwara State University ti ní ọgbà síbẹ̀, àwọn onílẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n, torí pé owó pulọ́ọ̀tì kì í dúró sójú kan níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà. Inú mi dùn sí i. Kì í ṣe torí owó o. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé di òru, wọ́n ń se ìndómì láago méjì òru, wọ́n ń pariwo, aládùúgbò tí kì í sùn ni wọ́n. Èmi á ra ilé tó sún mọ́ hósítẹ́ẹ̀lì aláriwo kí n tó ra èyí tó dákẹ́ láàárín àwọn ilé alágádágodo. Wàhálà ibẹ̀ ò ju pé wọ́n ń gba họ́lídè lọ.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ọwọ́ àwọn tó ti ní ilé síta tipẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa mọ bí a ṣe ń dá owó gbọ̀ngàn àti owó àtúnṣe ààfin. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ilé tí wọ́n tì pa sílẹ̀, kí wọ́n sì wá olùkọ́, nọ́ọ̀sì, tàbí ọlọ́pàá tó ń wá ibi gbé, kí wọ́n bá wọn dá àdéhùn pẹ̀lú onílé: yàrá méjì lẹ́yìn, owó táṣẹ́rẹ́ tàbí ọ̀fẹ́ pàápàá, kí iná máa tàn níbẹ̀ lálẹ́. Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn onílé máa ń fọ̀, pé ayálégbé kì í jáde bó bá wọlé tán. Kí lọ́yà kọ ọ́ síwèé. Ẹni tó lè san owó táìlì láti Italy kò lè sọ pé owó lọ́yà pọ̀ jù.