Giannis Kò Jẹ Milwaukee Ní Gbèsè

Àwọn kan ní aláìmoore ni Giannis Antetokounmpo, Adétòkunbọ̀ tiwa, tó bá fi Bucks sílẹ̀. Gbèsè wo ló kù jàre? Ní 2021, pọ́íntì 50 ló ju wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife lọ́wọ́ Phoenix, ife tí wọn ò rí gbà fún 50 ọdún. Ní 2023, àwọn aláṣẹ fi Jrue Holiday gba Damian Lillard. Holiday dé Boston, ó gba ife ní 2024. Bucks ńkọ́? 2023, 2024, 2025, ìpele àkọ́kọ́ playoff ni wọ́n ti ń já. Lillard fara pa, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n wá pín owó rẹ̀ sí ọdún márùn-ún. Ẹni tó ta irúgbìn kì í bá àgbẹ̀ jà nítorí ìkórè. Tó bá fẹ́ lọ, ẹ yà fún un lọ́nà.