Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ serveur tí ìwé wa wà?

Ẹ̀yin ará Okpomèta, ẹni tó bá ń wá acte de naissance sécurisé ọmọ rẹ̀ lónìí, inú serveur ni ANIP ti ń fa orúkọ ọmọ náà yọ. Ìwé ńlá tí wọ́n ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní arrondissement nìkan kọ́ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó láṣẹ láti fi logiciel sórí serveur kàn wá, kò kan ará Cotonou nìkan.

Lórí serveur Linux, orúkọ kan wà tó ń jẹ́ root. Òun ni ọba ibẹ̀: kò sí yàrá tí kò lè wọ̀, kò sí ìwé tí kò lè pa rẹ́. Àwọn yòókù, kálukú wà ní àyè tirẹ̀. Tí a bá fẹ́ fi logiciel tuntun síbẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, agbára root la máa ń lò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé logiciel náà ń gbé àṣẹ kéékèèké tirẹ̀ dání, àwọn àṣẹ yẹn á sì fi agbára root ṣiṣẹ́. Ó dà bíi ká pe káfíńtà wá tún ilẹ̀kùn kan ṣe, ká wá kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé fún un.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ XZ, logiciel kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀, tó wà lórí ọ̀pọ̀ serveur. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi bí ọdún méjì bá wọn ṣiṣẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí wọ́n fi gbà á gbọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀, tí ẹni tó mọ àṣírí rẹ̀ fi lè pàṣẹ lórí serveur bíi root. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló rí i, torí pé wíwọlé sórí serveur ń pẹ́ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá o! Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ló kéde rẹ̀, kó tó dé ọ̀pọ̀ serveur.

Àwọn kan á ní, tí logiciel fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, kí ni wíwọ́n kọ́kọ́rọ́ fẹ́ ṣe? A ò gbà. Bí àwọn tó lè fi nǹkan síbẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ tó ni ọ̀nà tí nǹkan burúkú lè gbà wọlé ń pọ̀ tó. Àwọn baba wa ní Kétou ò fi ìṣọ́ Akaba Idena sílẹ̀ fún àlejò. Láti ọdún 2004 ni Ubuntu ti ti root pa: ẹni tó bá fẹ́ fi logiciel sí i á lo sudo pẹ̀lú mot de passe tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní rẹ̀ níbi tí wọ́n ti lẹ mot de passe mọ́ ara écran, tí stagiaire tó lọ lésìí ṣì mọ̀ ọ́n?

Code du numérique wa, loi 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní kí ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ara ẹni dáàbò bò ó. APDP ló ń ṣọ́ ìyẹn. Tí wọ́n bá tún wá bá wa sọ̀rọ̀ numérique ní arrondissement, ẹ bi wọ́n: ẹni mélòó ló ní agbára root lórí serveur tí ìwé wa wà, ọjọ́ wo ni wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ti kúrò níṣẹ́?