Kì í Ṣe Ayé Ló Ti Géètì Yín Lulẹ̀

Bí géètì tí à ń fà bá ti ya lu ọmọ kan ládùúgbò, kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìjòkó wa níbí. Wọ́n á ní ayé ò fẹ́ràn ìyá ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀tá bàbá rẹ̀ ló rán géètì sí i. Àdúrà á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á da òróró sí ìdí òpó, wọ́n á wá kó okun jọ gbé géètì náà padà sórí réèlì kan náà tó ti já bọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọmọ mìíràn lẹ ó rí tó ń fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ wo bí géètì yìí ṣe dúró ná. Táyà irin méjì péré ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ojú wọn kí wọ́n lè gun réèlì. Táyà méjì ò lè mú ohun tó ga tó bẹ́ẹ̀ dúró, àfi kí nǹkan di orí rẹ̀ mú. Iṣẹ́ rólà kéékèèké méjì tí wẹ́dà jó mọ́ òpó nìyẹn. Àárín wọn ni orí géètì ń gbà kọjá. Bí ẹ bá wá fà á kọjá ibi tó yẹ, ìrù rẹ̀ á yọ kúrò láàárín rólà, ó di kó ya sí ẹ̀gbẹ́ tó bá wù ú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi sítọ́pà sí i: ègé irin tí wọ́n jó mọ́ òpin réèlì, kí táyà lè kọ lù ú, kó dúró. Kò ju ìyẹn lọ. Àjákù irin tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó o.

Ègé irin yìí gan-an ni wọ́n máa ń yọ kúrò nígbà tí onílé bá ní kí wẹ́dà bá òun dín owó kù. Ṣùgbọ́n owó máa ń wà fún orí kìnnìún méjì, kí wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ wúrà.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Irin pẹlẹbẹ tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì nípọn ní mìlímítà 1, kílò 7.85 ló wọ̀n. Géètì tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 2.4, tí wọ́n fi irin mìlímítà 2 bò níwájú bò lẹ́yìn, á tó nǹkan bí 300 kílò, a ò tíì ka páìpù inú rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì 6 nìyẹn. Ohun tí ẹ ń rán ọmọ ọdún méje pé kó lọ ṣí fún mọ́tò nìyẹn.

Ẹ wá ní ayé ló tì í. Ọ̀tá tó lágbára láti ti 300 kílò ṣubú, kí ló dé tí kì í ti èyí tó ní sítọ́pà? Réèlì ọkọ̀ ojú irin tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ti lé ní 120 ọdún. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ lórí rẹ̀, réèlì àti táyà ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Awakọ̀ tírélà tó bá páàkì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á fi òkúta di táyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sáàmù 91 ló kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀yin náà ń bo kànga, ẹ ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Géètì nìkan lẹ wá fi lé áńgẹ́lì lọ́wọ́!

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, géètì oníná fún ọmọbìnrin kékeré méjì pa ní 2010, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Àjọ Health and Safety Executive kọ ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ṣe géètì àti àwọn tó ń tún un ṣe. Ní California, lẹ́yìn tí géètì ilé-ìwé kan wó pa ọmọ ọdún méje, wọ́n ṣe òfin ní 2024 pé kí wọ́n máa yẹ géètì ńláńlá wò. Wọn ò wá ìyá àgbà kankan lọ láti pè é ní àjẹ́.

Yanrìn tí òjò ń wọ́ wá sórí réèlì náà ń gbé táyà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ máa gbá a. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun géètì ṣeré. Bí géètì bá ti já bọ́ lórí réèlì, kí ẹnì kan ṣoṣo má dá a gbé o; ẹ kọ́kọ́ fi igi tì í ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ẹ tó ránṣẹ́ pe wẹ́dà.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, bí ẹ ṣe ń lọ láti ilé dé ilé gba owó ọlọ́dẹ, ẹ máa wo òpin réèlì wọn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ jù. Bí wọ́n bá tún ké sí yín wá sí ìdí géètì tó wó, kí ẹ tó ya ẹnu àdúrà, ẹ bi onílé pé, "Sítọ́pà rẹ̀ dà?" Bí kò bá rí i fi hàn yín, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó fi pe wẹ́dà.