Àwìn, Àgbà àti Ìwé Ìlànà Ìsọ̀

New Carrollton ni ọkọ̀ ojú irin Orange Line láti Washington máa ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Amtrak àti MARC náà ń já èrò sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìsọ̀ nǹkan òrìṣà sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tó ń ta ilẹ̀kẹ̀, ẹfun, osùn, ọṣẹ dúdú, orógbó àti ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò ní wá oníbàárà tì. Inú ilé ni wàhálà tirẹ̀ ti máa ń wá.

Ká ní ìyálórìṣà tó ni ìsọ̀ lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, ó sì fi ọmọ rẹ̀ nínú òrìṣà sídìí ọjà. Bàbá awo kan wọlé, ó kó ilẹ̀kẹ̀ àti ìrùkẹ̀rẹ̀, ó ní ìyá mọ̀ sí i, òun yóò sanwó bí wọ́n bá dé. Ta ni ọmọ yẹn tí yóò sọ pé rárá? Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà tí bàbá fi jáde. Ìyá dé, ọjà ti lọ, owó kò sí, kò sì rọrùn láti béèrè kí ó má di ìjà láàárín ilé méjì. Irú èyí ń pa ìsọ̀ kékeré ju àìtà ọjà lọ.

Ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lè gba ọmọ náà sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ àwìn, kó bá ìyá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí a kọ iye owó àti ọjọ́ tí yóò san án sílẹ̀ kí ọjà tó jáde. Ọmọ yóò kúnlẹ̀, yóò ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bí ìyá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.” Ìyá ló kọ̀, kì í ṣe ọmọ. Ọ̀wọ̀ bàbá wà níbẹ̀, ọjà náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ti òyìnbó ni ìwé ìlànà. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ti ṣàlàyé èésú: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, lásìkò kan náà, wọ́n sì ń kó o ní ìtò-ìtò. Ìlànà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí lórí tákàdá. Agboolé kan náà ló tọ́ àwọn tó ń dá a, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ní Maryland, ọ̀kan lè ti kọ́ tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́, èkejì nílé Lukumí ní Miami, ẹ̀kẹta ní Oyotunji ní South Carolina. Ohun tí “ó yé wa” túmọ̀ sí fún wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Owó ẹbọ ló nílò ìlànà jù. Kó má wọ inú owó ọjà rárá. Kí oníbàárà tó san àsansílẹ̀, kó ti mọ èyí tí yóò gbà padà bó bá yí ọkàn padà, àti èyí tí kò ní gbà mọ́ tí a bá ti ra ohun èlò. Ọjọ́ ìtìpa náà ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ òrìṣà, ọjọ́ méje ni ti ìlú. Tí ìsọ̀ bá ń tì lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kí wọ́n kọ déètì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lóṣooṣù.

Kí orúkọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò wà nínú ìwé náà pẹ̀lú. Ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn, Amẹ́ríkà kò gbà á láàyè. Ìkóódẹ náà ń kọ́? Láti oṣù kìíní 2017 ni àdéhùn CITES ti fi odídẹrẹ́ sí ìpele tó le jù lọ.

Owó orí ọjà, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ti Maryland ni, kì í ṣe ti oníṣọ̀. Kó ní àpò tirẹ̀. Ìwé àṣẹ òǹtajà, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akọ̀wé Circuit Court ní Upper Marlboro, ń parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin lọ́dọọdún. Orúkọ ẹni tí yóò lọ tún un gbà, àti ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Kí ìyá àti ọmọ jọ kà á sókè nínú oṣù kẹfà, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Òṣogbo.