Fọ́tò Tí A Lẹ̀ Pọ̀: Ta Ni Ó Mọ̀ Sí I?

Bí a bá ti gbọ́ pé ẹnìkan fi kọ̀ǹpútà mú apá kan nínú fọ́tò, tí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, jìbìtì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tilẹ̀ ní kí a má ṣe gba iṣẹ́ àṣetiléwá tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ mọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lílẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni pé, ǹjẹ́ ẹni tí ń wo fọ́tò náà mọ ohun tí a ṣe sí i?

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Nínú Photoshop tàbí GIMP, a ó fa ìlà yí apá tí a fẹ́ ká, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ó wù wá. Ojúlówó kò kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lílẹ̀ lásán kì í mú kí oòrùn ibi tí a ti mú ẹ̀dà wá bá oòrùn ibi tí a gbé e sí mu. Òjìji ni ó sábà máa ń tú àṣírí.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn onífọ́tò wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí nípa fọ́tò yíyà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti papò dà, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò fi jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ọkùnrin, èkejì obìnrin ni wọ́n, wọn a wọ aṣọ ti èyí tí ó lọ fún èyí tí ó wà láàyè, wọn a sì tún un yà. Ta ni wọ́n tàn jẹ? Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ará ilé mọ̀. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe ni fọ́tò náà ń ṣe. Ẹ̀dà ni, kì í ṣe ayédèrú. Èdè wa kò sì fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àwọn méjèèjì.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí Yunifásítì Wisconsin, ní ìlú Madison ní Amẹ́ríkà, ṣe ní ọdún 2000. Wọ́n fẹ́ kí ìwé tí ń pe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fi hàn pé aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ ń gbé níbẹ̀. Wọ́n mú ojú Diallo Shabazz, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àwọn aláwọ̀ funfun tí ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbé e sí èèpo ìwé náà. Shabazz kò lọ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí! Nígbà tí àṣírí tú, ilé-ẹ̀kọ́ náà tọrọ àforíjì. Ọmọ tí ń ti ọ̀nà jíjìn yan ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe èyí ní irọ́.

Kí a má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Mo ti rí ìwé ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín tí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tò sí yàrá kan, tí àpá kan náà wà ní igun òkè gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n sọ di mẹ́wàá, àwọn òbí sì ń wo ìwé yẹn san owó. (Ẹ̀rọ òde òní tilẹ̀ lè ya gbogbo yàrá náà láìlẹ̀ ohunkóhun, ìbéèrè náà kò yí padà.)

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀: ìlà kan lábẹ́ fọ́tò, tí yóò sọ apá tí a mú wá láti ibòmíràn àti ibi tí a ti mú un. Bí ọmọ kan bá lẹ̀ ojú ìyá-ìyá rẹ̀ olóògbé mọ́ fọ́tò ìgbéyàwó ilé wọn, tí ó sì kọ ìlà yẹn, máàkì kíkún ni. Olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ kọ́ wọn bí a ti ń wo fọ́tò, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjìji.