Ọmọ Tí Kò Mọ Irinwó



Ọmọ pírámárì kejì kan ló ń bá ìyá rẹ̀ ta ọsàn. Oníbàárà ra mẹ́ta, igba náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó na ẹgbẹ̀rún náírà sí i, ó ní kó fún òun ní irinwó òun. Ọmọ ń wò ó. Ni ìyá bá gbá a létí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí mọ “fọ́ọ̀ ọ́ńdírẹ̀ẹ̀dì” dáadáa o! Irinwó ni kò mọ̀.

Àwa la jẹ̀bi. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní àròpọ̀ àti àyọkúrò nílé ìwé, a ò sì bá wọn kà á nílé. Orúkọ owó wa gan-an, ìsọdipúpọ̀ ni: igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá yín ka owó tí ẹ pa lálẹ́, lédè méjèèjì. Lálẹ́ la wí o. Ẹ má torí ọjọ́ ọjà fa ọmọ yọ ní kíláàsì.