Ẹ Má Pè É ní Àrà, Ẹ Fún Un ní Ẹ̀mú

Oṣù méjì kì í kọjá kí irú fídíò yìí má tún dé orí fóònù wa. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó gbé típà kan tó fi páálí àti agolo ṣe sílẹ̀. Ó tẹ sírínjì tó kún fún omi, ẹ̀yìn típà náà sì dìde bí ẹni pé ó fẹ́ da yanrìn. Àwọn tó wò ó á ní àrà ń bẹ, ọpọlọ ọmọ yìí kì í ṣe lásán, kí ìjọba wá wo nǹkan o! Lẹ́yìn náà a ó fi ìka tì í kọjá. Ó parí.

Èmi kò bá ọmọ náà jà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń yìn ín yẹn, "àrà", ni mo bá jà. Ohun tí a bá ti pè ní àrà, a kì í kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń mú ọmọ lọ kọ́ àrà lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, kò sì sẹ́ni tó ń ra irinṣẹ́ fún ẹni tó ń dá a. Bí a bá ti lè sọ pé Ọlọ́run ló fi í sí i lórí, gbèsè ti kúrò lọ́rùn tiwa nìyẹn. Owó tí a kò fẹ́ ná ni a ń fi ìyìn san.

Ẹ jẹ́ ká tú mọ́tò agolo wò. Ká ní danfo ni ọmọ fẹ́ ṣe, irú Volkswagen tí wọ́n kùn ní yẹ́lò tí wọ́n sì fa ìlà dúdú méjì sí lára ní Èkó. Gígùn ọkọ̀ gidi yẹn tó mítà 4.5, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, táyà rẹ̀ sì ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65. Ohun tí ọmọ ní lọ́wọ́ láti fi ṣe táyà ni ìdérí ìgò mínírà, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.2 lọ. Ẹ fi 3.2 pín 65, ẹ óò rí i pé ó lé díẹ̀ ní 20. Ìdérí ìgò ti pàṣẹ nìyẹn: ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 22, kó sì ga tó 10 tàbí kó dín díẹ̀. Ọmọ kì í kọ ìṣirò yìí sílẹ̀. Ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá gé e kúrú jù, wọn á ké pé danfo rẹ̀ ti di kẹ̀kẹ́ Márúwá, á sì padà lọ tún un gé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú àbùkù wo ìwọ̀n tó ti inú ìdérí ìgò jáde. Tamiya, ilé iṣẹ́ Jàpáànù tí àwọn tó ń to àwòṣe ọkọ̀ káàkiri àgbáyé ń wárí fún, iṣẹ́ pákó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Shizuoka ní 1946. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àwòṣe ọkọ̀ ogun Panther ti Jámánì, lẹ́yìn ọdún 1960, wọ́n fẹ́ kó máa rìn fúnra rẹ̀, nítorí náà bátìrì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀. Ìwọ̀n bátìrì ló sọ ọkọ̀ yẹn di 1:35. Lónìí, 1:35 ti di òfin tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń tẹ̀ lé. Bátìrì lọ́hùn-ún, ìdérí ìgò níhìn-ín. Kí wá ni ìyàtọ̀?

Táyà ni iṣẹ́ tó le jù. Ẹni tí kò bá lo ìdérí ìgò á fi bíléèdì gé e lára sílípáàsì tó ti já. Gígé rẹ̀ kì í ṣòro tó ihò àárín. Bí ihò bá fi díẹ̀ yẹ̀, ọkọ̀ á máa tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á fi táyà náà ya òbírí sórí bébà, wọ́n á gé bébà náà, wọ́n á ká a sí méjì, wọ́n á tún ká a sí méjì. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni sípókù kẹ̀kẹ́ ti máa gbà kọjá. Ẹ̀kọ́ ìṣirò nìyẹn, láìsí pátákó ìkọ̀wé. Omi inú sírínjì náà ní ìdí tirẹ̀. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, nítorí náà agbára ọwọ́ ọmọ ń gba inú rọ́bà kọjá lọ gbé ẹ̀yìn típà. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wọ inú rọ́bà, típà á kàn máa gbọ̀n ni, kò ní dìde dáadáa. Ọmọ tó bá ti wá afẹ́fẹ́ yẹn jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ sórí.

Ta ló kọ́ ọ ní bébà kíká? Ọmọ mìíràn ni. Ohun tí fídíò kì í fi hàn nìyí. A máa ń rí ọmọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn kò ti ọwọ́ ẹnì kan jáde. Ọ̀kan ló mọ agolo í ká tí etí rẹ̀ kò fi ní gé èèyàn lọ́wọ́. Bàbá ẹnìkan ń ṣe wẹ́dà, òun ló ń jí ẹ̀mú wá kó tó di pé bàbá rẹ̀ dé. Ẹnìkan kò lè gé nǹkan kan kó gún, àmọ́ òun ló mọ lẹ́tà ẹ̀yìn lọ́rí í kọ, òun ni wọ́n sì ń bẹ̀. Wọ́n ń jà sí ọ̀dà, wọ́n ń jí wáyà ara wọn, wọ́n ń parí ìjà kí ọ̀dà tó gbẹ. (A máa ń lé àwọn ọmọbìnrin kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá lè gé aṣọ ọmọláńgidi kó bá a mu ti mọ ìwọ̀n ju ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin yẹn lọ.) Bí olówó kan bá wá dé, tó mú ọmọ orí fídíò nìkan lọ fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ti tú ṣọ́ọ̀bù ká. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí wọ́n mú lọ má mọ táyà í gé.

Wọ́n á ní eré ọmọdé ni. Àgbàlagbà ló ń ṣe é níbòmíràn, ojú kì í sì tì wọ́n. Ní 1963 ni àwọn tó ń to àwòṣe onírọ́bà líle ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ IPMS sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn baba olómọ á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa wá irin ọwọ́ ilẹ̀kùn tí kò tó ìrẹsì tó fò bọ́ sílẹ̀. Airfix tiwọn náà, katakata Ferguson ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwòṣe rẹ̀ ní 1949, kí àwọn tó ń ta katakata gidi lè máa gbé e kiri fi han oníbàárà. Ọjà títà ló bí i, kì í ṣe eré. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gidi pàápàá, amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ, nígbà mìíràn ní ìwọ̀n ìdámẹ́rin ọkọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin.

A ò sì ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà tí àwọn baba wa wọ̀, orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti òkè òkun wá. Káfíńtà wa ló kan ilé onípákó rẹ̀. Mólúè náà, wẹ́dà wa ló fi páànù dì í sórí ẹsẹ̀ lọ́rí Mercedes. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní oníṣẹ́ àrà. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó gba ìdáǹdè. A mọ bí a ṣe ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. A kàn jókòó ti ìmọ̀ náà ni.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ló jẹ̀bi jù. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ láti òkè òkun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dípẹtà sínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá, torí pé kò síná, kò sí yàrá, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n lò. Ohun tó kù fún wa ni "iṣẹ́ ọwọ́" ìparí táàmù. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, ọmọ kan gbé lọ́rí agolo tí òun àti àbúrò rẹ̀ ṣe wá, ọ̀dà rẹ̀ kò dán. Ẹnìkejì gbé mọ́tò onípákó tí ìyá rẹ̀ rà lọ́jà wá, ó ń kọ mọ̀nà. Ta ló gba máàkì jù? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ àkọ́kọ́ náà bẹ ìyá rẹ̀ kó bá òun rà.

Ẹ̀yin òbí á bi mí pé, ṣé mọ́tò agolo ni yóò jẹ? Rárá o. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ẹ ń wò ní alaalẹ́ náà, ẹ kì í jẹ ẹ́. Àwọn kan á ní agolo ń gé ọmọ lọ́wọ́, bíléèdì sì léwu. Òótọ́ ni. Ìdí gan-an tó fi yẹ kí àgbà wà níbẹ̀ nìyẹn, dípò kí àwọn ọmọ máa sá lọ ẹ̀yìnkùlé lọ ṣe é.

Ohun tí mo ń béèrè kò wọ́n: ẹ̀mú méjì, àlùmọ́gàjí tó lè gé páànù, rúlà onírin, tábìlì kan, yàrá ìkàwé kan tí a kò tì lọ́jọ́ Sátidé, àti mẹkáníìkì àgbà kan láàárín àdúgbò tó ṣe tán láti jókòó fún wákàtí méjì. Kí a gba gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ náà wọlé pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan tó mọ fóònù í bá sọ̀rọ̀. Tó bá sì di ìparí táàmù, kí olùkọ́ tó fún mọ́tò kankan ní máàkì, kó bi ọmọ tó gbé e wá ní ìbéèrè kan: báwo lo ṣe rí àárín táyà yìí? Èyí tí ìyá rẹ̀ rà lọ́jà kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ.